Ojú Ìwé 58 Tó Di 74: Báwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Bá Òdiwọ̀n Ọ̀rọ̀ Fà Á

Àsìkò kan máa ń wà lọ́dún tí àga kì í tó jókòó mọ́ láwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní Awoyaya. Ìgbà náà làwọn ọmọ yunifásítì àti ti pọlí máa ń parí àpilẹ̀kọ wọn. Jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á máa pọ ìwé jáde, ẹni tó ń bá wọn di ìwé á sì ti to àwọn tó ti parí síwájú bí ẹni to búrẹ́dì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan na fílàṣì sí ọkùnrin tó ń tẹ̀wé. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ojú ìwé 58 ló jẹ́, súpáfáísọ̀ mi sì ní kò gbọdọ̀ dín ní 70." Ọkùnrin náà bi í pé kí ló kù tó fẹ́ kọ sí i. "Kò sí nǹkan kan, sà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ tán." Ọkùnrin náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ṣí ìwé náà, ó sọ lẹ́tà 12 di 13, ó fa etí ìwé lọ́tùn-ún lósì wọlé díẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Ó ti di 74. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Iṣẹ́ tó ń bá a fà á láti oṣù mélòó kan ti pé láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo kò wọ inú rẹ̀.

Kò sí idán níbẹ̀, ìṣirò ni. Ìwé A4 fẹ̀ ní íǹṣì 8.27. Tí a bá fi íǹṣì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, ìlà ọ̀rọ̀ á gùn ní íǹṣì 6.27. Tí etí kọ̀ọ̀kan bá wá di íǹṣì 1.25, ìlà á kù sí 5.77. Ìyẹn nìkan tó láti sọ ojú ìwé 58 di 63. Lẹ́tà 13 ga ju 12 lọ, ó sì tún fẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ìlà á dín lójú ìwé, ọ̀rọ̀ á sì dín lórí ìlà. Òun nìkan á sọ 58 di 68. Da méjèèjì pọ̀, 74 ló ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n owó ń bẹ lẹ́yìn ìṣirò yìí. Ojú ìwé ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń kà gbowó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ ẹ̀dà mẹ́rin, ọ̀kan fún súpáfáísọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ilé ìkàwé, ọ̀kan fún ara rẹ̀, yóò san owó ojú ìwé 296 dípò 232. Ojú ìwé 64 ló fi sanwó afẹ́fẹ́, látinú àpò òbí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹja ló ń tà tàbí kó jẹ́ pé mọ́tò akérò ló ń wà láàárín Ajah sí Eleko.

Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lórí àga kejì, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama ń làágùn lórí ìṣòro tó yàtọ̀ pátápátá. Ó ń kọ̀wé nípa ara rẹ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì ní Britain nípasẹ̀ UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé fún wọn. Àmì 4,000 péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún un. Lẹ́tà wà lára rẹ̀, àmì ìdánudúró wà lára rẹ̀, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì náà wà lára rẹ̀. Tirẹ̀ ti dé 4,900. Ó ti pa gbólóhùn kan rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Irú ilé-ìwé kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń kún ojú ìwé. Bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú tí ìtumọ̀ kò sì ní sọnù, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹni tó rí olùkọ́ tó jókòó tì í lórí ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti ń jẹ ọmọ wa.

Òdiwọ̀n méjì ló wà nínú ìwé kíkọ: má-dín-ní àti má-jù-ú-lọ. Má-dín-ní ni ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ ń bá pàdé. WAEC, àjọ ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952 tó ń ṣe ìdánwò fún Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone, Gambia àti Liberia, gbé ìbéèrè àròkọ márùn-ún kalẹ̀ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ọmọ mú ọ̀kan. Àròkọ náà kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450. Máàkì 50 ló wà fún un, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sì gbà wọ́n níyànjú láti lò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, láìtíì ronú, láìtíì ka ohun tí a kọ.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá ọmọ ka ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ kọ, nítorí náà àwọn ọmọ ní ọgbọ́n tiwọn. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta dé òpin. Á ka ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà mẹ́ta, á pín in sí mẹ́ta, á sì mọ iye tí ọwọ́ òun sábà ń kọ sórí ìlà kan. Bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ìlà 50 ni 450. Láti ìgbà náà lọ, ìlà ló ń kà. Àwọn kan á tilẹ̀ ti ṣe èyí nílé kí wọ́n tó wá, nítorí ọwọ́ ẹni kì í ṣàdédé yí padà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi kọ́ ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí èrò bá tán lórí ìlà 30. Ọmọ náà á tún ìbéèrè kọ bó ṣe wà, á pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ. Ohun tó sọ ní ìpínrọ̀ kejì, á tún un sọ ní ìpínrọ̀ kẹta pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan tó tó, á fi méjì tó jọra kọ ọ́. Á fẹ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kí ìwé lè tètè kún. Àwọn ìyá wa tó ń dáná ní orúkọ fún un: bíbu omi sọ́bẹ̀ nígbà tí àlejò pọ̀ ju ẹran lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pín máàkì 50 náà. Èrò inú àròkọ ní 10, ìtò rẹ̀ ní 10, bí a ṣe lo èdè ní 20, àìṣàṣìṣe nínú gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró ní 10. Kò sí máàkì kankan fún gígùn fúnra rẹ̀. Tí ọmọ bá tún èrò kan sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gba máàkì lórí rẹ̀. Ní ti àṣìṣe, ìdajì máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú lọ, èyí túmọ̀ sí pé àṣìṣe 20 ti gbé máàkì 10 lọ pátápátá. Omi tí ọmọ bù sọ́bẹ̀ náà kò wá lófìfo, àṣìṣe ló ń bá a wọlé.

Ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀nà yìí tọ́ fún ọdún mẹ́fà ní girama, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá gbé e dé yunifásítì. Níbẹ̀, ojú ìwé ló sábà máa ń gba ipò iye ọ̀rọ̀. "Orí kìn-ín-ní, má jẹ́ kó dín ní ojú ìwé mẹ́wàá." Àṣà yìí ti wà láti ìgbà tápíráítà. Lórí tápíráítà, àyè kan náà ni lẹ́tà "i" àti lẹ́tà "m" ń gbà. Ẹni tó bá ní ojú ìwé kan, iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Ojú ìwé jẹ́ òṣùwọ̀n tó dúró ṣinṣin nígbà náà, bí kóńgò tí gbogbo ọjà fọwọ́ sí.

Kọ̀ǹpútà ló fọ́ kóńgò náà. Times New Roman, lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ní kí wọ́n fi tẹ àpilẹ̀kọ, ìwé ìròyìn The Times ti London ni wọ́n ṣe é fún, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1932. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ wọ àyè tóóró kó sì tún ṣeé kà, nítorí náà lẹ́tà náà fún ara rẹ̀ mọ́ra. Courier New ní tirẹ̀ tẹ̀ lé àṣà tápíráítà, ó ń fẹsẹ̀ gbalẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, lẹ́tà 12 kan náà, kò lè jẹ́ iye ojú ìwé kan náà nínú méjèèjì. Bí a bá tún wá fi àlàfo ìlà, etí ìwé àti àwòrán kún un, ojú ìwé 70 kò sọ ohunkóhun mọ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ti tó. Yunifásítì tó bá ṣì ń fi ojú ìwé nìkan díwọ̀n, òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkùnrin Awoyaya yẹn. Iye ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n máa kà. Etí ìwé kò lè yí i padà.

Ọ̀nà tó gba iwájú Awoyaya kọjá ti di ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò Lagos Business School wà ní Ajah, Yunifásítì Pan-Atlantic tó ni ín wà níwájú lọ́hùn-ún ní Ìbẹ̀jú-Lekki, Yunifásítì Augustine wà ní Ìlárá lápá Ẹ̀pẹ́. Láàárín wọn, ilé-ìwé aládàáni tó ń ṣe WAEC àti ti Cambridge pa pọ̀ kò ṣòro rí. Ọmọ tó bá ń gbé àdúgbò yìí lè bá má-dín-ní àti má-jù-ú-lọ pàdé láàárín oṣù kan ṣoṣo. Nínú ìdánwò IGCSE ti Cambridge fún àwọn tó ń ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì bí èdè àkọ́kọ́, àròkọ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ 350 sí 450. Ibi tí àròkọ WAEC ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ti Cambridge ti ń parí.

Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò náà ò yọ. IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ṣe kí wọ́n tó jáde, ń béèrè ọ̀rọ̀ tí kò dín ní 150 fún iṣẹ́ kìn-ín-ní àti 250 fún ìkejì, láàárín wákàtí kan fún méjèèjì. Ìkejì ló ní máàkì ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n àwọn kan á lo ogójì ìṣẹ́jú lórí ìkìn-ín-ní. Fún Amẹ́ríkà, àròkọ Common App, fọ́ọ̀mù ìwọlé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń lò, kò gbọdọ̀ dín ní 250, kò sì gbọdọ̀ ju 650 lọ. UCAS fúnra rẹ̀ ti yí ètò padà fún àwọn tó ń wọlé lọ́dún 2026: ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí dípò àròkọ kan gbọọrọ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní àmì 350, àmọ́ àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 4,000.

Nílé níbí náà, ẹ má rò pé gbogbo ibi ni wọ́n ti ń béèrè gígùn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ 500 ni òdiwọ̀n àṣamọ̀ tí ẹni tó ń gboyè ọ̀mọ̀wé máa ń fi síwájú àpilẹ̀kọ rẹ̀. Wọ́n sì máa ń kọ iye ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí: 487, 494, 499. Ìwádìí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìwé tó nípọn bí ìdìpọ̀ búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ 500. Wọ́n máa ń dá àṣamọ̀ padà fúnni láti tún un ṣe, ẹni tó ti là á kọjá kì í sì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí má-jù-ú-lọ bá fún ọmọ lọ́rùn, ọgbọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì. Àwọn kan á kó ọ̀rọ̀ lọ sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Àwọn kan á sọ ìpínrọ̀ di tábìlì, tàbí kí wọ́n tì í sínú àfikún lẹ́yìn. Àwọn kan á fi àmì ìsopọ̀ so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà á kà á ní ẹyọ kan. Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á rí i ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ní Britain, àwọn yunifásítì kan máa ń fàyè gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n ní kó kọ 3,000 lè dé 3,300 láìsí wàhálà. Àwọn mìíràn kò gba ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n ń kà àti ohun tí wọn kì í kà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, torí náà ìwé ìtọ́ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan. Nínú àròkọ gígùn ti IB, ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé fún àwọn ọmọ girama àgbà, tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ 4,000, ẹni tó ń máàkì kì í ka ohun tó bá kọjá ibẹ̀. Bí ẹ̀rí tó lágbára jù bá wà ní ọ̀rọ̀ 4,001, ó ti wọgbó.

Báwo wá ni a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú? Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé Awoyaya lè kọ nípa àdúgbò rẹ̀:

"Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣòro sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ tó máa ń wáyé ní ojú títì márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ó ṣe pàtàkì kí á mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Awoyaya ni wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé-ìwé wọn ní àárọ̀ nítorí ìdí èyí."

Ọ̀rọ̀ 51 ni. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ó kàn wúwo ni. Ẹ wò ó bó ṣe rí lẹ́yìn tí a gé e:

"Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ máa ń mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Awoyaya pẹ́ dé ilé-ìwé láàárọ̀."

Ó ti di 19. Ọ̀rọ̀ 32 ti lọ, kò sì sí òótọ́ kankan tó bá wọn lọ. "Ó ṣe pàtàkì kí á mọ̀ pé" jẹ́ ọ̀rọ̀ méje tí kò sọ nǹkan kan; bí kò bá ṣe pàtàkì, akọ̀wé kò ní kọ ọ́. "Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣòro" kò wúlò, nítorí ta ni kò mọ̀ pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ jẹ́ ìṣòro? "Nítorí ìdí èyí" ń tún ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sọ ní òpin rẹ̀. "Tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Awoyaya" ti di "Awoyaya" lásán. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù ni ti "ní ojú" tó di "lójú" àti "ní àárọ̀" tó di "láàárọ̀". Ẹ̀bùn tí èdè Yorùbá fún wa nìyẹn, ìpajẹ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan, ẹnu ò sì kọsẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ìpínrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á bi ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló wá ṣe, èyí tí kò bá rí ìdáhùn á jáde lódidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá sí gbólóhùn, ká tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń lọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti dín àmì 900 kù yóò sùn sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpínrọ̀ méjì tó ń sọ ohun kan náà ló yẹ kó dì pọ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: kíkà á sókè. Ibi tí èémí bá ti tán kí gbólóhùn tó parí, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dé.

Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ tún ti rí ẹrú tuntun. Wọ́n á da àròkọ sínú ChatGPT, wọ́n á ní kó gé e sí 500. Á gé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń gé ni orúkọ àdúgbò, iye owó, ọ̀rọ̀ tí ìyá oníṣòwò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà nígbà ìwádìí, ìyẹn àwọn ẹran inú ọbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láti ibikíbi. Ẹni tó kọ nǹkan ló mọ ibi tí ẹran wà, òun ló sì yẹ kó di ọ̀bẹ mú.

Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá tún ní ẹrù tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Àlàfo ló ń kà. "Ilé-ìwé" tó ní àmì ìsopọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lójú rẹ̀, "ilé ìwé" tí kò ní i jẹ́ méjì. Bákan náà, àkọtọ́ òde òní, èyí tí àtúnṣe ọdún 1974 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní kí a máa kọ "nígbà tí" àti "gẹ́gẹ́ bí" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ "nígbàtí" àti "gẹ́gẹ́bí" ní ogún ìgbà ti fi ogún ọ̀rọ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ogún àṣìṣe dípò rẹ̀. Ti àmì ohùn tún le jù. Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú ń rí nínú "ọ̀rọ̀", àmọ́ márùn-ún ló jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé kò sí "ọ̀" odidi kan nínú ètò lẹ́tà rẹ̀: "ọ" dúró lọ́tọ̀, àmì ohùn dúró lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àmì dípò ọ̀rọ̀, ẹni tó kọ Yorùbá tó péye lè pàdánù àyè. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pàápàá, tó ń gba àmì 160 nígbà tí a bá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kì í gbà ju 70 lọ bí irú àwọn lẹ́tà wa yìí bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ka Yorùbá tó bá ń fún ọmọ ní òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ ro èyí, kí wọ́n sì jẹ́ kó yé ọmọ pé ọ̀rọ̀ ni àwọn ń kà, àwọn kò ka àmì.

Ó sì yẹ kó dùn wá pé àwa ni ọ̀rọ̀ gígé ń ṣòro fún. Àwọn àgbà wa ló sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Kí ìwé tó dé, àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀ ránṣẹ́ sí, yóò gbọ́ "ẹ̀fà" níbẹ̀, á sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun. Ẹyọ mẹ́jọ, ìyẹn "ẹ̀jọ", ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọra. Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó ti ṣiṣẹ́ ní Badagry àti Èkó, kọ nípa irú àwọn àrokò Yorùbá wọ̀nyí sínú ìwé àwọn onímọ̀ ní London lọ́dún 1885. Ọdún kejì ẹ̀ ni wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Ìyẹn náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san owó lé lórí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í kọ ojú ìwé méjì sínú wáyà. "Ìyá ṣàìsàn. Wá kíá." Gbogbo ilé á sì gbéra.

Lókè òkun, wọ́n ti sọ ọ́ di ìdíje. Yunifásítì Queensland ní Australia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2008. Ọ̀dá omi mú wọn nígbà náà débi pé àwọn èèyàn ń fi aago kékeré oníṣẹ́jú mẹ́ta sínú ilé ìwẹ̀ kí wọ́n má baà lo omi jù, ibẹ̀ sì ni èrò náà ti wá: kí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé àpilẹ̀kọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àpilẹ̀kọ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 80,000 yóò gba wákàtí mẹ́sàn-án bí èèyàn bá fẹ́ kà á sétí ìgbọ́. Ìdíje náà ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí òun fẹ́ sọ kò lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bó ti wù kí ojú ìwé rẹ̀ pọ̀ tó.

Ibi tí àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà, inú ìdánwò WAEC kan náà ló wà. Lẹ́yìn àròkọ àti àyọkà, apá kẹta wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìkékúrú. Wọ́n á fún ọmọ ní àyọkà kan, wọ́n á ní kó fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ìdí mẹ́ta, tàbí kó fi méjì sọ àbájáde méjì. Ọdọọdún ni ìròyìn àwọn olùdánwò àgbà ń ké pé ọmọ kò lè ṣe é, pé ńṣe ni wọ́n ń gbé gbólóhùn inú àyọkà bó ṣe wà, wọ́n á sì kó àpẹẹrẹ àti ọ̀rọ̀ tí a kò béèrè mọ́ ọn. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ìparí táàmù ni wọ́n máa ń fi kan apá yìí, nígbà tí àyè ò sí mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá síwájú. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ ní kí ọmọ kọ ojú ìwé kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ dá ojú ìwé yẹn kan náà padà fún un, kó gé e sí ìdajì, kí nǹkan kan má sì sọnù níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà lè ṣe é nílé pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé àtijọ́ kan. Apá ìkékúrú yẹn ní máàkì 30 nínú 100, ìdáhùn gbólóhùn mélòó kan péré ló sì ń béèrè.